Casely Hayford: Ọdún Mẹ́rìnlá Nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Gold Coast

Bí a bá dárúkọ Herbert Macaulay ní ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí ní ilẹ̀ Yorùbá, agbára káká ni a fi lè rí ọmọ tí kò ní mọ ẹni tí à ń wí. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ Joseph Ephraim Casely Hayford, àwọn tí yóò mi orí pé àwọn mọ̀ ọ́n kò ní pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ayé tiwọn, orúkọ ọ̀gbẹ́ni yìí kì í ṣe àjèjì ní Èkó rárá. Ọmọ Fante ni, láti ìlú Cape Coast ní etí òkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ilẹ̀ tí ó di Ghana ní ọdún 1957. Láti ọdún 1916 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 1930 ni ó fi jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ náà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti pọ̀ ju àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ, tí kò sì sí ọjọ́ kan tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi ìbò borí ìjọba bí ìjọba kò bá fẹ́. Kí ni ènìyàn ń wá ní irú ibẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá gbáko? Ìbéèrè yìí ni ó mú kí a kọ nípa rẹ̀.

Ayigya, ní ẹ̀yìn ìlú Kumasi, ni a wà tí a ń kọ èyí. Àdúgbò náà fi ara ti ilẹ̀ Yunifásítì tí wọ́n sọ ní orúkọ Kwame Nkrumah. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn lè sọ fún wa pé etíkun ni Casely Hayford ti ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀, pé kí ni ó kan Kumasi nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn án. A óò dé ibẹ̀.

Oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1866 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Joseph de Graft Hayford, jẹ́ òjíṣẹ́ nínú Ìjọ Wesley. Ìyá rẹ̀ wá láti ìdílé Brew, ìdílé ńlá kan ní Cape Coast tí ó ṣẹ̀ láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò ará Ireland kan tí ó tẹ̀dó sí etíkun náà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìgbà tí a bí ọmọ yìí. Ó ka ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin ti Ìjọ Wesley ní ìlú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Fourah Bay ní Sàró, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan náà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn àlùfáà àti olùkọ́ ilẹ̀ Yorùbá ayé àtijọ́ ti kọ́ ẹ̀kọ́ wọn. Nínú gbogbo àwọn tí ó kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wọn, kò sí ẹni tí ó ràn án tó Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ tí a bí ní erékùṣù St. Thomas tí ó sì fi Liberia àti Sàró ṣe ilé. Blyden ń kọ́ni pé Ọlọ́run fún ènìyàn dúdú ní ẹ̀bùn tirẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá sọ ara rẹ̀ di ẹ̀dà òyìnbó ti sọ ẹ̀bùn náà nù. Ẹ̀kọ́ yìí wọ Casely Hayford ní egungun.

Nígbà tí ó padà sílé, olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́, ó sì di ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Wesley ní Accra. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìdílé ìyá rẹ̀ kan, James Hutton Brew, ní ìwé ìròyìn kan tí ó ń bá ìjọba wí láìbẹ̀rù, Western Echo ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ sínú rẹ̀. Àwọn òǹkàwé wa tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti máa ń rí: iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ìwé ìròyìn kò bá ara wọn gbé pẹ́. Ó fi gègé sí ọwọ́ ọ̀tún, ó sì fi pátákó ìkọ̀wé sílẹ̀. Ní 1893 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, ó sì lo àkókò díẹ̀ ní Cambridge pẹ̀lú. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 1896 ni wọ́n gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí amòfin.

Ọdún 1896 yìí kan náà, ní oṣù Jánúárì, ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Kumasi, tí wọ́n mú Asantehene Prempeh pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ìjòyè rẹ̀, láìyìn ìbọn kan ṣoṣo. Wọ́n kó wọn lọ sí Sàró, lẹ́yìn náà wọ́n kó wọn kọjá sí erékùṣù Seychelles ní àárín òkun. Casely Hayford wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Láàrin Fante àti Asante, ogun àtijọ́ ti pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará etíkun kò sunkún nígbà tí Kumasi ṣubú. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1903 lórí ètò ìjọba ìbílẹ̀ Gold Coast, ó fi ètò àwọn Fante àti ti àwọn Asante sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì fi hàn pé ẹni tí ó bá ní àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò mọ ìjọba í ṣe kí òyìnbó tó dé kò ì tíì wò wọ́n dáadáa.

Nígbà tí ó padà wá sílé, ó bá ìjà ilẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìjọba fẹ́ ṣe òfin tí yóò sọ ilẹ̀ tí wọ́n ní kò ní olúwa di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Gold Coast, gẹ́gẹ́ bí àwa Yorùbá, mọ̀ pé kò sí ilẹ̀ tí kò ní olúwa. Bí ẹni tí ó ni ín kò bá sí láàyè, ó wà ní sàréè tàbí ó ṣì ń bọ̀ wá sáyé. Ní 1897 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tí ó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀ ní Cape Coast. Ní 1898 àwọn aṣojú rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba sì gbé òfin náà jù. Ní 1911 ọ̀rọ̀ náà tún gba ẹ̀yìn yọ, pẹ̀lú orúkọ mìíràn: òfin igbó. Casely Hayford kọ ìwé lòdì sí i, ó sì wà nínú àwọn tí wọ́n lọ bá àwọn aláṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1912. Ìjọba kò mú òfin náà lò. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìjókòó àti ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni ó mọ̀.

Ọdún 1911 yìí náà ni ó tẹ ìwé kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ethiopia Unbound. Ìtàn àròsọ ni, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí a má tan ara wa, kò rọrùn láti kà: ìtàn ń lọ, ìwàásù ń dá a dúró, àríyànjiyàn sì ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n orí kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo olùkọ́ Yorùbá yẹ kí ó mọ̀. Níbẹ̀ ni akọni inú ìwé náà ti ń ṣàlàyé irú yunifásítì tí yóò dá sílẹ̀ fún Gold Coast àti Asante. Ó ní òun kò ní kọ́ ọ sí etíkun, nítorí pé àwọn ará etíkun ti fara wé òyìnbó jù; òun yóò gbé e sí ẹ̀bá ìlú Kumasi. Wọn yóò kọ́ ìtàn gbogbo ayé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ipa tí ènìyàn dúdú kó nínú ìtàn náà ni wọn yóò tẹnu mọ́. Ó sì fẹ́ kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà tí wọn yóò máa kọ́ni ní èdè mẹ́ta: Fante, Haúsá àti Yorùbá. Ó mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, nítorí náà ó fi Ireland àti Denmark ṣe àpẹẹrẹ, àwọn orílẹ̀-èdè kékeré tí wọ́n di èdè wọn mú tí wọ́n sì fi í pa ara wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò díẹ̀. Ní 1911, ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì ń jẹ ẹgba. Ọmọ Fante ni ó ń kọ̀wé ní etíkun Gold Coast pé kí a fi ọ̀jọ̀gbọ́n sí ìdí èdè náà.

Ní 1916 ni Gómìnà Hugh Clifford tún Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Gold Coast tò, tí ó sì pe Casely Hayford sínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ 9: òyìnbó 3, ọba aládé 3, àti ọ̀mọ̀wé ọmọ onílẹ̀ 3. Gómìnà ni ó yan gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí ará ìlú dìbò fún. Bí ìjọba bá ti pinnu ohun kan, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní láti na ọwọ́ pọ̀ sókè, ọ̀rọ̀ sì parí. Agbára tí àwọn yòókù ní kò ju ẹnu wọn lọ: kí wọ́n béèrè ìbéèrè, kí ìjọba sì dáhùn, kí wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ìnáwó ọdọọdún, kí àkọ̀wé ìgbìmọ̀ kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ kí a tẹ̀ ẹ́, kí ìwé ìròyìn sì gbé e kiri. Casely Hayford, tí ó jẹ́ amòfin àti oníwèé ìròyìn, mọ iyì ohun tí a kọ sílẹ̀. Ó ń béèrè nípa ilé-ẹ̀kọ́, ó ń béèrè ìdí tí dókítà adúláwọ̀ tí ó kàwé dé ibi tí òyìnbó kà á dé kò fi lè gba ipò kan náà. Wọ́n fún un ní oyè M.B.E. ní 1919 nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe nígbà ogun. Àwọn kan bínú sí i lórí èyí, wọ́n ní ìjọba ti fi oyè dí i lẹ́nu. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí i pé ẹnu náà kò dí.

Ohun kan wà tí kò ṣe é gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ yìí: kò ní àṣẹ lórí Asante. Láti 1902 ni wọ́n ti ń ṣe àkóso Kumasi lọ́tọ̀, lábẹ́ Kọmíṣọ́nà àgbà kan tí Gómìnà ń rán níṣẹ́, kò sì sí ọmọ Asante kan nínú ìgbìmọ̀ ní Accra. Rélùwéè ti so Kumasi pọ̀ mọ́ Sekondi láti 1903. Kòkó àti wúrà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etíkun lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí ó ni wọ́n kò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú wọn. Nígbà tí àwọn ará Asante ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá Prempeh padà, àwọn ọ̀mọ̀wé etíkun bá wọn fi ohùn sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn bàbá ńlá wọn ti bá ara wọn jà. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 1924 ni ọba náà padà, lẹ́yìn ọdún 28. Sekondi, ìlú tí Casely Hayford ti ń ṣe iṣẹ́ amòfin, ni ó ti gúnlẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kumasi.

A ti sáré kọjá 1920. Ẹ jẹ́ kí a padà sí i, nítorí pé ọdún náà ni ó mú orúkọ rẹ̀ wọ ilé wa. Láti bí 1914 ni òun àti Dókítà Akiwande Savage, ọmọ Èkó tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ti ń gbèrò pé kí gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ohùn ṣọ̀kan. Ogun dí wọn lọ́wọ́. Ní oṣù Máàṣì 1920 ni àpéjọ náà wáyé ní Accra. Gambia rán ènìyàn 1, Sàró 3, Nàìjíríà 6. Àwọn ará Gold Coast ni ìyókù. Wọ́n dá Kóńgírẹ́ẹ̀sì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n fẹ́: kí a fi ìbò yan ìdajì àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, kí a má ṣe san owó orí tàbí owó orí ọjà tí àwọn aṣojú ará ìlú kò fọwọ́ sí, kí a ní Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan fún ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a ní yunifásítì kan, kí adúláwọ̀ àti òyìnbó tí ìmọ̀ wọn dọ́gba gba ipò tí ó dọ́gba. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò sọ pé kí Gẹ̀ẹ́sì máa lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà tí ó tẹ̀ lé wọn fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí ilẹ̀ ti rí ní 1920 kò ní rẹ́rìn-ín.

Kí ọdún náà tó parí, Casely Hayford ti kó àwọn aṣojú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ọba George Karùn-ún. Láti Nàìjíríà, Ọ̀gbẹ́ni J. Egerton Shyngle àti Olóyè Àmódù Tìjání, Olúwa ti Èkó, wà pẹ̀lú wọn. Olóyè Olúwa ti ní ẹjọ́ tirẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba lórí ilẹ̀ Àpápá, Macaulay sì ni akọ̀wé rẹ̀. Ẹjọ́ náà ni wọ́n jàre ní oṣù Júláì 1921, tí gbogbo Èkó fi jó. Ìwé ẹ̀bẹ̀ Kóńgírẹ́ẹ̀sì kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Lord Milner, Mínísítà tí ó ń ṣe àkóso àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n fojú kan òun. Àwọn Gómìnà ti kọ̀wé ṣáájú wọn pé kò sí ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́. Clifford, tí ó ti di Gómìnà Nàìjíríà nígbà náà, fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà ní gbangba, pé ọ̀wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé díẹ̀ ni wọ́n tí wọ́n yan ara wọn. Ẹni tí ó ti pe Casely Hayford sínú ìgbìmọ̀ ní 1916 nìyẹn.

Èyí tí ó dùn ún jù ni ti ilé. Nana Ofori Atta, ọba Akyem Abuakwa, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, dìde nínú ìgbìmọ̀ ní òpin 1920, nígbà tí Casely Hayford kò sí nílé, ó sì béèrè pé ta ni ó fún àwọn lọ́yà etíkun ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ ní orúkọ àwọn ọba àti ará oko. Àwọn tí ó fẹ́ràn Casely Hayford máa ń pe èyí ní ọ̀tẹ̀. Ní tiwa, a rò pé ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí ó pé jọ ní Accra jẹ́ amòfin, dókítà, oníṣòwò àti àlùfáà. Àgbẹ̀ kòkó kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni alágbàṣe. Ohun tí ó burú nínú ọ̀rọ̀ Ofori Atta ni ọjọ́ tí ó sọ ọ́ àti etí tí ó sọ ọ́ sí. Òyìnbó kò fẹ́ ju kí ọba àti ọ̀mọ̀wé máa bá ara wọn jà lọ.

Àwọn aṣojú náà padà sílé ní 1921 lọ́wọ́ òfo, wọ́n sì ti ná owó púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní 1922, Clifford yìí kan náà fún Nàìjíríà ní òfin ìjọba tuntun, tí ó jẹ́ kí Èkó fi ìbò yan ènìyàn 3 àti Calabar ènìyàn 1. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1923 ni wọ́n dìbò, ẹgbẹ́ Macaulay sì gba ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Èkó. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni Egerton Shyngle, ẹni tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Sàró rí tirẹ̀ gbà ní 1924, Gold Coast ní 1925. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì dé ní 1928. Kò sí Gómìnà kan tí ó jẹ́wọ́ pé Kóńgírẹ́ẹ̀sì ni ó fa èyíkéyìí nínú wọn.

Kóńgírẹ́ẹ̀sì jókòó ní Freetown ní 1923, ní Bathurst ní ìparí 1925 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1926, àti ní Èkó ní 1930. Èrò pé ará Èkó àti ará Accra jẹ́ ọmọ ilé kan náà ni ó gbé wọn rìn. Ó yẹ kí a rántí pé lẹ́yìn òmìnira, ní oṣù Nòfẹ́ńbà 1969, ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá tí a bí ọmọ wọn sí Kumasi sì di ẹrù wọn. Ní 1983 Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana. Òyìnbó kọ́ ni ó pa àṣẹ méjèèjì.

Òfin ìjọba tí Gómìnà Guggisberg gbé jáde ní 1925 mú ìgbìmọ̀ Gold Coast gbòòrò. Ọmọ onílẹ̀ 9 ni yóò wà níbẹ̀: Accra, Cape Coast àti Sekondi yóò fi ìbò yan ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn ìgbìmọ̀ ọba ní ẹkùn mẹ́ta yóò sì yan 6. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì ni ó pọ̀ jù. Casely Hayford bínú. Ó rí i pé ìjọba ti fi ipò mẹ́fà lé àwọn ọba lọ́wọ́ láti fi pa ohùn àwọn mẹ́ta yòókù, ó sì rí i pé ọba tí ìjọba lè yọ lóyè kò lè bá ìjọba jà. Cape Coast kọ òfin náà, wọ́n ní àwọn kò ní dìbò. Òun fúnra rẹ̀ rìnrìn-àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1926.

Ní ìrìn-àjò yẹn ni ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pàdé. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá, ti dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ pẹ̀lú Dókítà Bankole-Bright ti Sàró, fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Casely Hayford bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ẹni, wọ́n sì fi í ṣe bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Ọkùnrin tí ó ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún ni, àwọn tí ó jókòó níwájú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀dọ́. Inú ẹgbẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gba òmìnira fún wa ti kọ́ ìṣèlú.

Nígbà tí ó padà sílé, ó ṣe ohun tí àwọn kan kò dárí rẹ̀ jì í títí ó fi kú. Ó dupò ní Sekondi lábẹ́ òfin tí ó ti bá jà, wọ́n sì dìbò fún un ní 1927. Kobina Sekyi àti àwọn ará Cape Coast tí wọ́n dúró gbọn-in sọ pé ó ti ta ìjà náà. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Bí a bá kọ̀ láti wọlé, a óò mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ta ni yóò béèrè ìbéèrè lórí ìnáwó ní ọdún tí ń bọ̀? Bí a bá sì wọlé, a ti fi ìjókòó wa jẹ́ ẹ̀rí pé ilé náà dára. Casely Hayford ti wo ọ̀nà méjèèjì. Ó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti rí bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ni. Ní 1929 òun àti Ofori Atta parí ìjà wọn, ọ̀mọ̀wé àti ọba sì tún bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìgbìmọ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é. Ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n fi jà jẹ́ èrè fún ìjọba nìkan.

Àwa kò sọ pé Sekyi jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n a wo ọwọ́ tí Casely Hayford fi mú iṣẹ́ ìgbìmọ̀, a sì rí i pé kò lọ síbẹ̀ lọ gbàfẹ́. Nígbà tí Guggisberg fẹ́ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Achimota, tí wọ́n ṣí ní 1927, tí àwọn kan ń kùn pé owó rẹ̀ pọ̀ jù, ó gbè é lẹ́yìn. Ó mọ̀ pé ibi tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni yunifásítì, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ibì kan. Ní gbogbo àkókò yìí ó ń kọ̀wé sínú Gold Coast Leader, ìwé ìròyìn tí ó ń darí, kí ohun tí wọ́n fi ìbò pa nínú ìgbìmọ̀ lè wà láàyè ní ọjà.

Ọjọ́ 11 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1930 ni ó kú ní Accra, ó ku díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 64. Kóńgírẹ́ẹ̀sì kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀; òun ni òpó tí ó gbé e dúró, òpó sì ti yẹ̀.

Ọdún 1946 ni Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó ní àṣẹ lórí Asante, tí àwọn ará Kumasi fi rí aṣojú níbẹ̀. Ní 1948 ni wọ́n ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì Gold Coast, etíkun sì ni wọ́n gbé e sí, ní Achimota, kí ó tó lọ sí Legon. Ìdìbò gbogbogbòò ńlá ti 1951 ni ó gbé Nkrumah wọlé. Ní ọdún náà, ẹni tí Kumasi rán lọ sí ilé aṣòfin ni Archie Casely-Hayford, amòfin, ọmọ olóògbé tí à ń sọ ìtàn rẹ̀. Ó sì wà lára àwọn mínísítà àkọ́kọ́ tí Nkrumah ní. Ìlú tí bàbá rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ fún lábẹ́ òfin ni ó fi ìbò gbé ọmọ rẹ̀ wọlé.

Ní oṣù Jánúárì 1952 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ṣí ní ẹ̀bá Kumasi, lórí ilẹ̀ tí Asantehene Prempeh Kejì yọ̀ǹda, ní ẹ̀gbẹ́ Ayigya tí a wà yìí. Ní 1961 ó di yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó 200, láti Achimota ni wọ́n ti kó wọn wá, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n sì ń kọ́. Ẹ̀rọ, ilé kíkọ́, oògùn àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà. Ti ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Fante, Haúsá àti Yorùbá tí ó wà nínú ìwé 1911 kò sí nínú ohun tí wọ́n fi dá a sílẹ̀.